Aránṣọ àti Ihò Ọrùn Ọkọ Rẹ̀

Ìríra bá Aránṣọ wáyé ni. Láti kékeré ni kò ti lè fi ife tí ẹlòmíràn fẹnu kàn mumi. Bí àbúrò rẹ̀ bá tọ́ ọbẹ̀ wò, tó dá ṣíbí padà sínú ìkòkò, oúnjẹ ọjọ́ náà ti tán fún un nìyẹn. Ṣé ẹ wá mọ ẹni tó lọ fẹ́? Onítáyà ni o. Ọkùnrin tí òróró dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta, tó jẹ́ pé itọ́ ẹnu rẹ̀ ló máa ń fi sí ẹnu fáàfù táyà láti wò ó bóyá atẹ́gùn ń jò níbẹ̀.

Aránṣọ gbé ọṣẹ àti kànrìnkàn sí ẹnu ọ̀nà. Ogún ọdún ó lé méjì ni ọkọ rẹ̀ fi ń fọ ọwọ́ níta kó tó wọlé, kò sì bínú. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ò fẹ́ ìyàwó, wolé-wolé lòun fẹ́.

Nígbà tí àìsàn máa bẹ̀rẹ̀, ohùn ló kọ́kọ́ há. Ó ní eruku títì ni. Oṣù mẹ́fà kọjá, eruku ò kúrò. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ti jókòó sí ibi tí ohùn ti ń jáde lọ́fun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n kó gbogbo ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ níwájú. Ibẹ̀ ló wá ń mí gbà. Ẹnu wà fún oúnjẹ nìkan, imú sì di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Kò gbóòórùn mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ò gba imú kọjá mọ́. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwé kan àti báírò ni wọ́n fún un. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rèé: "Túbù mélòó ni mo ti lẹ̀ láyé mi. Tèmi wá lu, wọn ò lẹ̀ ẹ́." Aránṣọ rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, ó wá jáde lọ sọkún lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ "ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀" bí ẹni pé òdòdó ló ń bomi rin. Páìpù rọ́bà kékeré kan wà nínú ihò yẹn. Láràárọ̀, a ó yọ ọ́, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fọ inú rẹ̀, a ó nu etí ihò, a ó dá a padà. Ohun tó máa ń wà nínú páìpù yẹn kì í ṣe ohun tí ojú ń fẹ́ rí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni, tó nípọn bíi ṣitáàṣì tó sùn mọ́jú, tó fà bí òwú tó tú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á wà nínú rẹ̀ bí okùn pupa. Òórùn rẹ̀ á dúró sí ọ̀nà ọ̀fun ẹni títí di ọ̀sán. Bí ọkùnrin náà bá wá wúkọ́ nígbà tí páìpù ò sí níbẹ̀, ẹ sá, àbí kí ẹ gbà á lójú.

Aránṣọ máa ń fi ìpara tí wọ́n ń lò fún ọ̀fìnkìn kun ihò imú méjèèjì. Á di èémí rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, á gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó fẹ́ gé irùngbọ̀n, á máa wo àjà. Tó bá ṣe tán, Aránṣọ á fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé, á lọ jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lórí ìdúró lẹ́yìn ògiri. Oṣù mẹ́rin ni kò fi bá ọkọ rẹ̀ jẹun. Ó ní àwọn oníbàárà ń dúró. Oníbàárà kankan ò dúró.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, ẹgbẹ́ àwọn tí jẹjẹrẹ bá jà lórí àti lọ́rùn, pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú wọn, máa ń pàdé lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ọsibítù. Yàrá méjì ni. Àwọn aláìsàn wà nínú yàrá ńlá pẹ̀lú olùkọ́ tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé atẹ́gùn mì ká sì gùnfẹ̀ rẹ̀ jáde di ọ̀rọ̀. Àwọn olùtọ́jú wà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó tìmùtìmù tó ti bàjẹ́ sí. Pákó pẹlẹbẹ ló pààlà sáàárín.

Nọ́ọ̀sì tó ń darí wọn ní òfin kan, òfin náà sì le. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́ fún Aránṣọ.

"Màmá, níbí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ó máa dáa. Ohun tó ń rí yín lára ni kí ẹ sọ. Ẹni tó bá ní 'ẹ pẹ̀lẹ́' ló máa po tíì fún gbogbo ilé."

"Kí ló dé?" ni Aránṣọ bi í.

"Nítorí ẹni tó bá gbé ìríra mì, ó máa pọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Orí aláìsàn ló sì máa pọ̀ ọ́ sí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, Aránṣọ ń purọ́. "Ó ń lọ dáadáa. Mo dúpẹ́." Àwọn tó kù á máa wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tó jókòó sórí ẹ̀gún tó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kẹrin, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbogbo wọn ń pè ní Dírẹ́bà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gé ìdajì àgbọ̀n ìyàwó rẹ̀, itọ́ ò dúró lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Mo ti fi ọwọ́ ara mi kó ajá tí ọkọ̀ tẹ̀ kúrò lójú títì," ni Dírẹ́bà wí, "mo sì jẹun lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n táwẹ́ẹ̀lì ìyàwó mi... Méjìlá lóòjọ́. Wọ́n máa ń wúwo. Tí mo bá ń fún wọn, ojú mi máa ń wà lára ògiri."

"Ẹ ò wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n bí?" ni ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í.

"Mo ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Ó gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi jáde."

Ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tú Aránṣọ. Ohun tí ó dì mọ́ inú fún oṣù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì mọ ibi tó ti fẹ́ dá a dúró. Ó sọ ti búrẹ́dì tó ń jẹ lẹ́yìn ògiri. Ó sọ ti aṣọ ìyàwó kan tó fẹ́ parí, tí ọkọ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bà sí àyà aṣọ náà.

"Mo fọ̀ ọ́, ó lọ. Mi ò gbà pé ó lọ. Mo gé gbogbo àyà yẹn kúrò, mo ra aṣọ mìíràn fi rọ́pò. Ó wá ń rùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojoojúmọ́ ló ń rùn. Tó bá sùn lóru, ihò yẹn á máa súfèé, á máa hó. Mo máa ń kọjú sí ògiri. Ó dà bíi pé gọ́tà ni mo sùn tì."

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà nu ojú. Ara Aránṣọ fúyẹ́ bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni ó wá yé wọn pé ohun kan ń dákẹ́ jù. Kò sí ìgùnfẹ̀ kankan láti yàrá kejì. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ò wá lọ́jọ́ náà. Àwọn aláìsàn mọ́kànlá jókòó sórí àga, ọwọ́ lórí itan, wọ́n kọjú sí pákó. Wọ́n ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tí ẹlòmíràn ò lè ṣe nìyẹn. Ẹni tó ń bá ẹni tí kò lóhùn gbé, tó bá pẹ́, á gbàgbé pé etí rẹ̀ ṣì pé. Ìyàwó Dírẹ́bà ju táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní ti Onítáyà, ó kàn dìde, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó jáde.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, àyè ìjókòó wà, Onítáyà ò jókòó. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló dúró sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí ìwé, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì tì í sí iwájú ìyàwó rẹ̀.

"Mo ń rùn?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó gún Aránṣọ. Ọkùnrin yìí ò mọ̀. Imú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi ń jókòó sáàárín àwọn èèyàn láì mọ̀. Ó yẹ kí Aránṣọ ní rárá. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á.

"Ẹ ń rùn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà."

Ó tún kọ ọ́: "O ò sọ fún mi." Ó wá ṣí ojú ìwé tuntun, ó rọra kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: "Gọ́tà ń lọ sílé àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Onítáyà ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan òun. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ pẹ̀lú dígí. Aránṣọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ikọ́, ó ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ń bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ tó ti fi irin ṣí táyà fún ogún ọdún ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan kékeré. Nígbà tó jáde, páìpù wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà létí ẹ̀wù rẹ̀. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àárọ̀ yẹn, Aránṣọ ò fi ìpara kun imú, kò fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ara sì tù ú. Ìtura yẹn rí i lára ju kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ. Irú èèyàn wo ni òun? Nítorí kò fẹ́ kí ọkùnrin yìí lọ. Ìyẹn dá a lójú bí ó ṣe dá a lójú pé abẹ́rẹ́ ń gún ni. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ò tíì fojú kan ihò yẹn láìsí aṣọ lórí rẹ̀ rí. Bí páìpù bá dí lọ́ọ̀hún, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀mí ọkùnrin náà á bọ́.

Ó tẹ Nọ́ọ̀sì láago.

"Ọ̀rọ̀ pákó yẹn, ẹ̀bi mi ni," ni Nọ́ọ̀sì wí kí Aránṣọ tó sọ ohunkóhun. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jókòó síbẹ̀. Mi ò gbóhùn wọn, mo wá rò pé àwọn náà ò gbọ́ tiwa."

"Ó ń lọ ní ọ̀la. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì fọ páìpù yẹn lójú yín ò gbọdọ̀ gbé e lọ."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin dé ní ọ̀sán Àbámẹ́ta pẹ̀lú takisí tó ní kó dúró de òun. Ẹni tó máa ń jókòó sí iwájú ọ́fíìsì ńlá kan láti máa kí àlejò ni. Ẹ̀rín ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọ bùláùsì funfun. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì ń pariwo sí i létí bí ẹni pé adití ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Onítáyà mú báírò. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kejì tí obìnrin náà ti kọjú sí Aránṣọ. "Ó ní òun ti jẹun. Ìyàwó wa, ẹrù rẹ̀ dà?"

"Àǹtí mi, ẹrù ti dì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí ẹ fọ páìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú mi kí ẹ tó máa lọ."

"Ìyẹn nìkan? Kí ló ń ríni lára níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ara wa kì í rí wa lára ní ilé tiwa."

Aránṣọ gbọ́ ọ̀kọ̀ ọ̀rọ̀ tó jù yẹn, kò gbé e. Ó gbé omi gbígbóná, búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìdiegbò, omi iyọ̀ àti ẹ̀mú kékeré sórí tábìlì, ó tò wọ́n bí ó ṣe máa ń to sísọ́ọ̀sì àti téèpù kó tó gé aṣọ. Onítáyà jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, ó gbé àgbọ̀n sókè. Aránṣọ fi ìpara kun imú níwájú àwọn méjèèjì, kò fi pa mọ́.

"Ẹ wò ó. Ẹ dì í mú níbí, ẹ fà á wá sí iwájú, kì í ṣe sókè. Bó ṣe tẹ̀ ni kí ẹ fi tẹ̀lé e." Ó yọ páìpù. "Ọwọ́ yín."

Àǹtí gba páìpù náà. Ẹ̀rín ò kúrò lójú rẹ̀, ìdí ni pé ó ti kọ́ bí ẹ̀rín ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì tí ọkùnrin náà dá ara rẹ̀ fọ̀ yọ́ jáde, ó pupa rúsúrúsú, ó ń fà, ó sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọ̀ Àǹtí yí padà.

"Kò... kò burú," ni ó wí. "Kò kóni nírìíra rárá. Ẹ jẹ́ n kàn..."

Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti wọ àpò. Kí Aránṣọ tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti fa lọ́fíńdà yọ, ó sì ti fọ́n ọn sí inú yàrá, fìṣì, fìṣì, fìṣì.

Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí ò ní imú tó ń sẹ́ nǹkan fún un. Ihò rẹ̀ gbà á tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó jáde bá bùláùsì funfun láti ọrùn dé bẹ́líìtì. Ó fẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan ò jáde. Ó di ọwọ́ àga mú. Ojú rẹ̀ là, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìsí ariwo kankan, bíi pọ́ọ̀ǹpù tí okùn rẹ̀ ti já.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ sọ̀rọ̀ nù!" ni Àǹtí ń ké.

Aránṣọ ti i kúrò lọ́nà. Ó kán omi iyọ̀ sínú ihò, ó fa ọkọ rẹ̀ síwájú, ó wo inú ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa wo inú ihò yẹn gan-an dípò etí rẹ̀. Pupa ni, ó tutù, ó ń lù kìkì bí inú ẹnu ẹja tí wọ́n fà sókè odò, ohun kan tó gan dúdú sì jókòó sí àárín rẹ̀. Omi kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé omi náà mì. Ó ki ẹ̀mú sí i, ó dì í mú létí, ó fà á bí ẹni tó ń tú òwú tí kò fẹ́ já. Ó fà, ó gùn, ó sì jáde pẹ̀lú ariwo tí mi ò ní í júwe.

Ọkùnrin náà mí.

Lẹ́yìn rẹ̀, Àǹtí ti bì. Gbogbo ohun tó jẹ lọ́sàn-án ló wà nílẹ̀, díẹ̀ sì wà lára ẹrù tí wọ́n ti dì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, lọ́fíńdà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyàwó wa, mi ò mọ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀," ni Aránṣọ wí. Kò ní "ẹ pẹ̀lẹ́." Ó fún un ní bùláùsì kan nínú èyí tó rán sílẹ̀, ó fi garawa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀. Òórùn lọ́fíńdà lórí òórùn èébì, lórí òórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìtura ńlá ṣe ń rùn nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ máa ń borí òórùn, ẹ bi í bóyá òun ló nu ilẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí sinmi, Onítáyà kọ̀wé sí i. Aránṣọ rí i pé kò sáré kọ ọ́, Àǹtí sì dúró títí ó fi parí lọ́tẹ̀ yìí. "Ìwọ máa lọ. Wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú. Má gbé lọ́fíńdà wá." Takisí gbé obìnrin náà lọ lóun nìkan.

Ó ku àwọn méjèèjì. Aránṣọ fọ páìpù, ó dá a padà sí ọrùn ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ́ kó ṣe é. Ó wá fa ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ dùn mí."

"Mo mọ̀. Òótọ́ sì ni. Mi ò lè sọ pé mi ò sọ ọ́."

"Wá máa bá mi jẹun."

Èèyàn á rò pé lẹ́yìn ohun tó ti fi ẹ̀mú fà jáde, búrẹ́dì níwájú ọkọ ò tún tó nǹkan. Ó tó nǹkan. "Mi ò lè ṣe é," ni Aránṣọ wí. "Tí ẹ bá wúkọ́ nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu mi, màá bì í. Mo lè jókòó tì yín. Tí ẹ bá jẹ tiyín tán, màá wá jẹ tèmi."

Onítáyà tẹ orí ba ìwé, ó kọ̀wé pẹ́, ó kún ìdajì ojú ìwé kí ó tó tì í sí i.

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà, láti ọdún tí mo ti fẹ́ ọ ni bí o ṣe ń jẹun ti ń rí mi lára. Ẹnu rẹ ń pa tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀. O máa ń fi ahọ́n wá ẹran láàárín eyín. O máa ń fi ẹnu já òwú, o wá ń tu ú sílẹ̀, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ìpara imú rẹ, n kò gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dán létí ihò imú rẹ bí ikun ọmọdé. Mi ò sọ ọ́ rí."

Aránṣọ kà á tán. Inú bí i gidigidi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wo ọwọ́ náà.

"Èwo ni tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀?" ni ó bi í. "Èmi?"

Onítáyà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi itọ́ sí ìka, ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Aránṣọ fa àga sún mọ́ ọn, nítòsí ihò náà, ó yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró kí ó kọ ọ́ tán.